Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àròkọ Ìṣòro àti Ọ̀nà Àbáyọ

Lẹ́tà tó wọlé sí wa lórí àròkọ kíkọ pọ̀ lóṣù yìí, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló sì dá lórí ẹ̀yà kan náà: àròkọ tó ní kí òǹkọ̀wé sọ ìṣòro kan, kó sì sọ ọ̀nà àbáyọ. Méje la mú níbẹ̀. Omíyalé nílùú Ìbàdàn la fi ṣe àpẹẹrẹ nínú púpọ̀ nínú ìdáhùn wa, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ kọ̀wé fi àròkọ tirẹ̀ lórí rẹ̀ ránṣẹ́, ohun tó sì ṣe àròkọ náà ló ń ṣe ti ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ wa ní kí a kọ àròkọ lórí "Omíyalé ní Ìbàdàn: ìṣòro àti ọ̀nà àbáyọ". Ojú ewé mẹ́ta ni mo kọ, síbẹ̀ máàkì mi kò tó ìdajì. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé "ọ̀nà àbáyọ rẹ kò bá ìṣòro rẹ mu". Mo kà á títí, mi ò rí ibi tí kò ti bára mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi. (Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Ògbómọ̀ṣọ́)

A ti ka àròkọ rẹ. Gbólóhùn rẹ já gaara, o sì mọ àmì ohùn í fi sórí ọ̀rọ̀. Ìpínrọ̀ tí olùkọ́ rẹ fa ìlà sí lábẹ́ nìyí:

"Omíyalé jẹ́ ìṣòro ńlá ní Ìbàdàn. Ó máa ń wó ilé, ó máa ń gbé ọkọ̀ lọ, ó sì máa ń gba ẹ̀mí. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ìjọba pèsè iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, kí wọ́n la àwọn ará ìlú lọ́yẹ̀, kí àwa náà sì fọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú ìjọba."

Wò ó dáadáa. O dárúkọ ohun mẹ́ta tí omi ń bà jẹ́, o sì dárúkọ ohun mẹ́ta tó yẹ kí a ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú mẹ́ta ìkẹyìn tó kan omi. Bí gbogbo ọ̀dọ́ Ìbàdàn bá ríṣẹ́ lọ́la, òjò á ṣì rọ̀, omi á ṣì wọlé. Ohun tó sọnù láàárín ni ìdí. Ìdí la máa ń wá oògùn fún nínú àròkọ yìí. Ẹni tó bá ti ìṣòro fò sí ọ̀nà àbáyọ láìyà sọ́dọ̀ ìdí, àfi kó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kó máa pa làpálàpá.

Nítorí náà, kí o tó kọ gbólóhùn kankan, mú ìwé kan, fa ìlà méjì láti òkè délẹ̀ kó lè pín sí mẹ́ta. Kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí apá òsì. Àárín ni ti ohun tó ń fà á. Apá ọ̀tún ni ti ohun tí a lè ṣe sí i. Má fọwọ́ kan apá ọ̀tún rárá títí àárín yóò fi kún. Bí àárín ṣe ń kún ni pé kí o máa béèrè "kí ló fà á?" léraléra, báyìí:

Omi wọ ilé àwọn ará àdúgbò. Kí ló fà á? Odò kún kọjá bèbè rẹ̀. Kí ló fà á? Omi kò ráyè gba abẹ́ afárá kọjá. Kí ló fà á? Ọ̀rá, ike àti pàǹtírí ti dí ibẹ̀. Kí ló gbé pàǹtírí débẹ̀? Àwọn ọlọ́jà tó wà lápá òkè odò kò ní ibi tí wọ́n lè dalẹ̀ sí, ọkọ̀ akólẹ̀ kì í sì í wá déédéé.

Dúró níbẹ̀. O ti kan ibi tí ọwọ́ ẹnì kan lè tó. Bí o bá tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, orí "àwọn ènìyàn wa kò fẹ́ràn ìmọ́tótó" ni wàá bọ́ sí, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Bó bá sì jẹ́ pé "odò kún" lo dúró sí, ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo tó kù fún ọ ni kí òjò má rọ̀ mọ́.

Ìdí omíyalé Ìbàdàn kì í ṣe ẹyọ kan. Orí òkè àti àfonífojì ni ìlú náà wà, omi òjò sì máa ń sáré sọ̀ kalẹ̀ sínú àwọn odò tó gba àárín ìlú kọjá, irú bí Ògùnpa. Àwọn ènìyàn ti kọ́lé sí etí odò, lórí ilẹ̀ tí omi máa ń tẹ́ sí nígbà tó bá kún. Òrùlé àti sìmẹ́ǹtì ti bo ilẹ̀ tó yẹ kó fa omi mu, nítorí náà omi tó ń dé abẹ́ àwọn afárá àtijọ́ ti pọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ́ wọn fún lọ. Lẹ́yìn náà ni pàǹtírí inú gọ́tà. Oògùn ìdí kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ti pàǹtírí ni ọkọ̀ akólẹ̀ àti àpótí ìdalẹ̀nù. Ti ilé etí odò wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí pílánù ilé. Ti afárá kékeré, owó ńlá ni, ó sì lè gba ọdún mélòó kan. Nínú àròkọ oníwọ̀n 450 ẹyọ ọ̀rọ̀, méjì péré ni kí o mú nínú wọn. Ẹni tó bá mú gbogbo wọn yóò kàn dárúkọ wọn ni, kò ní í ráyè ṣàlàyé ọ̀kan.

Ìdánwò kékeré kan wà tí o lè fi yẹ ìdí wò: bí a bá mú un kúrò, ṣé ìṣòro náà á dín kù, ṣé ó sì ṣeé mú kúrò? Òjò púpọ̀ ń fa omíyalé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé mú kúrò. Gbólóhùn kan ló tọ́ sí i, kí o sì máa lọ.

Wá wo bí ìpínrọ̀ rẹ ṣe lè rí lẹ́yìn èyí:

"Nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀, omi tó ń bọ̀ láti orí òkè kì í rí abẹ́ afárá gbà, nítorí pàǹtírí ọjà ti dí i. Ó máa ń ṣẹ́rí padà sínú àwọn ilé tó wà létí odò. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá gbé àpótí ìdalẹ̀nù ńlá sí ẹnu ọjà, tí wọ́n ń kó o lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì ń gbẹ́ abẹ́ afárá ní oṣù kejì ọdọọdún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, omi yóò rí ọ̀nà rẹ̀ gbà."

Bó ṣe kúrú tó yẹn, gbogbo ohun tó wà ní ìparí rẹ̀ ló ní ohun tó ń dáhùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Àpótí dáhùn pàǹtírí, gbígbẹ́ dáhùn afárá tó dí, oṣù kejì dáhùn àkókò òjò.

Bí o bá fẹ́ fi ìtàn kún un, àwọn ọjọ́ tó ṣe é fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ni 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí Ògùnpa kún bo àárín ìlú, àti 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí àwọn tó kú lé ní 100. Ní 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní í kàn kọ ọ́ pé "kí ìjọba wá owó". Yóò béèrè ohun tí owó náà ti ṣe àti ohun tó kù. Ó dá wa lójú pé àròkọ rẹ kejì yóò dára. Tún un kọ, kí o sì gbé e lọ fún olùkọ́ rẹ.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí. Ohunkóhun tí mo bá fún àwọn ọmọ wọ̀nyí láti kọ, "kí ìjọba ṣe é" àti "kí a la àwọn ènìyàn lọ́yẹ̀" ni ọ̀nà àbáyọ wọn. Báwo ni mo ṣe lè gba èyí lẹ́nu wọn? (Olùkọ́ kan, Iléṣà)

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. A mọ̀ pé ó máa ń sú olùkọ́ láti ka gbólóhùn kan náà nínú ìwé ogójì ọmọ.

Ẹ ní kí wọ́n fi ìbéèrè márùn-ún yẹ ọ̀nà àbáyọ kọ̀ọ̀kan wò: Ta ni yóò ṣe é? Kí ni yóò fi ṣe é? Nígbà wo? Ta ni kò ní í fẹ́ ẹ, kí ló sì dé? Kí la máa rí tí a ó fi mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́? Ọ̀nà àbáyọ tí kò bá lè dáhùn mẹ́ta ó kéré tán, ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni. Kò pọn dandan kí ìdáhùn márààrún hàn nínú àròkọ, ṣùgbọ́n kí ọmọ náà mọ̀ wọ́n kó tó kọ ọ́.

Ní ti "ìjọba", ẹ kọ́ wọn pé ìjọba kì í ṣe ẹnì kan. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní àfikún kẹrin rẹ̀, to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìgbẹ́ gbogboogbò, gọ́tà, kíkó pàǹtírí, iná ojú títì. Ọmọ tó bá mọ èyí kò ní í kọ̀wé sí Ààrẹ lórí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé wọn. Bákan náà ni títì: ti ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ti ìpínlẹ̀ wà, ti ìbílẹ̀ sì wà. Ẹ lè fi odindi wákàtí kan kọ́ wọn ní èyí, ẹ ò ní í kábàámọ̀ ọ̀. Ọmọ tó bá mọ ẹni tó ni iṣẹ́ ló lè béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá dàgbà.

Ní ti "la àwọn ènìyàn lọ́yẹ̀", ẹ má kàn fagi lé e. Ẹ bi wọ́n pé: kí ni àwọn ènìyàn náà kò mọ̀? Ìyá tó ń da pàǹtírí sí gọ́tà mọ̀ pé kò dára. Ohun tí kò ní ni ibòmíràn tó máa dà á sí. Ìlanilọ́yẹ̀ wúlò níbi tí àìmọ̀ bá ti jẹ́ ìdí, bí àpẹẹrẹ, àwọn tí kò mọ̀ pé omi tó dúró sínú táyà àtijọ́ ni ẹ̀fọn ń yé sí. Bó bá jẹ́ àìmọ̀ ni ìdí náà, kí ọmọ sọ ẹni tí a ó bá sọ̀rọ̀, ibi tí a ó ti bá a (ilé ìwòsàn aboyún, ìpàdé ọlọ́jà, rédíò àdúgbò), àti ọ̀rọ̀ tí a ó sọ gan-an.

Iṣẹ́ kíláàsì kan tó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa: ẹ fún wọn ní ìṣòro kan nínú ọgbà ilé ìwé, bí omi ẹ̀rọ tó ń jò ṣòfò tàbí ariwo ní yàrá ìkàwé, kí ẹ sì kà á léèwọ̀ fún wọn láti lo ọ̀rọ̀ náà "ìjọba". Ẹ ó rí i pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ọ̀gá ilé ìwé, aṣọ́gbà, olórí akẹ́kọ̀ọ́, agogo mẹ́wàá àárọ̀, kọ́kọ́rọ́ kan.

Ṣé dandan ni kí n sọ ibi tí ọ̀nà àbáyọ mi kù sí? Ọ̀rẹ́ mi ní bí mo bá sọ ọ́, mo ti fọwọ́ ara mi ba àròkọ mi jẹ́. (Akẹ́kọ̀ọ́ gbogboǹṣe, Ẹdẹ)

Ọ̀rẹ́ yín kò jàre. Òǹkàwé á ti rí àbùkù náà kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá dákẹ́, á rò pé ẹ ò rí i ni.

Ẹ wo ìmọ́tótó àyíká oṣooṣù. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, kò sí ìrìn lójú títì, kí oníkálukú lè gbá àyíká rẹ̀. Ètò náà ní àǹfààní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun méjì. Èkíní, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ẹrẹ̀ àti pàǹtírí tí wọ́n bá kó jáde nínú gọ́tà, etí gọ́tà náà ni wọ́n ń kó o jọ sí. Bí ọkọ̀ kò bá wá kó o láàárín ọjọ́ kan sí méjì, òjò tó bá kọ́kọ́ rọ̀ á gbá a padà. Ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n ṣe. Èkejì, ní 2015, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó sọ pé kò sí òfin tó fàyè gba kí wọ́n dí ìrìn àwọn ènìyàn lọ́wọ́ nítorí ìmọ́tótó, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì fòpin sí ètò náà ní 2016. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "kí Èkó dá ọjọ́ ìmọ́tótó padà", tí kò sọ bí wọ́n ṣe máa kó ẹrẹ̀ àti ohun tí wọ́n máa ṣe sí ọ̀rọ̀ òfin, kò tíì kọ nǹkan kan.

Tàbí ẹ wo oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí Èkó fòfin de abọ́ styrofoam, abọ́ funfun fífúyẹ́ tí àwọn olóúnjẹ ń bu ìrẹsì sí fún oníbàárà láti gbé lọ. Abọ́ yìí kì í jẹrà, ó sì máa ń léfòó dé ibi tó ti máa dí omi. Bí òfin ṣe bá ìdí mu nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni ẹrù rẹ̀ já lé? Ìyá olóúnjẹ tí èrè rẹ̀ kò tó nǹkan, tí abọ́ mìíràn sì wọ́n fún. Àròkọ tó gbóná yóò yà sọ́dọ̀ rẹ̀: ewé eéran wà fún móínmóín àti ọ̀fàdà, oníbàárà lè gbé abọ́ tirẹ̀ wá, a sì lè fún àwọn olóúnjẹ lákòókò kí wọ́n fi ta èyí tó wà nílẹ̀ tán. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ èyí, ẹni tó fẹ́ tako yín kò ní í rí ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́.

Gbólóhùn méjì sí mẹ́ta ló tó fún àbùkù nínú àròkọ kúkúrú. Ẹ fi í sí ẹ̀yìn ọ̀nà àbáyọ tó kàn, ẹ má tì í dé ìparí, nítorí ohun tí òǹkàwé bá kà gbẹ̀yìn ló máa ń bá a lọ.

Níbo ni mo ti máa rí iye tí mo máa fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn? (Òǹkàwé kan, Adó-Èkìtì)

Ẹ má hùmọ̀ rẹ̀. "Ìdá 80 nínú 100 àwọn ọmọ Nàìjíríà" tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá máa ń mú kí òǹkàwé ṣiyèméjì nípa èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín.

Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí ẹ ń ṣe nílé, ẹ lọ wo àwọn ìwé tó wà fún gbogboogbò. NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde lọ́dọọdún, NIHSA, àjọ tó ń ṣọ́ omi àti odò, sì máa ń gbé ti omíyalé jáde. Ẹ tún lè ka nǹkan fúnra yín: ilé mélòó ni omi wọ̀ ní òpópónà yín, ibo ni àmì omi dé lára ògiri (ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n), ọjọ́ mélòó ni àwọn ọlọ́jà kò fi lè ṣí ìsọ̀. Irú iye bẹ́ẹ̀ lágbára púpọ̀, nítorí ẹ lè sọ bí ẹ ṣe rí i. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, tí kò sí ìwé lọ́wọ́, ohun tí ẹ mọ̀ ní àdúgbò yín ti tó.

Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀, báwo ni mo sì ṣe máa parí? Ibẹ̀ ló máa ń gba àkókò mi jù. (Akẹ́kọ̀ọ́ SS3, Ìjẹ̀bú-Òde)

Kọ àárín lákọ̀ọ́kọ́ nínú ètò rẹ, kí o tó ronú sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ tó ń gba àkókò ni èyí tí ẹni tó ń kọ ọ́ kò tíì mọ ibi tó ń lọ.

Má fi "Kí ni omíyalé?" bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Má sì fi "Ìṣòro tó ń kojú orílẹ̀-èdè wa pọ̀ lọ jàra" bẹ̀rẹ̀, nítorí ó bá gbogbo àròkọ mu, kò sì wúlò fún ọ̀kan. Dárúkọ ibi kan, àkókò kan, àti ẹni tó ń jìyà, lẹ́yìn náà kí o sọ ohun tí o fẹ́ sọ. Fún àpẹẹrẹ: "Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, àwọn tó ń gbé létí odò kì í fi ọkàn balẹ̀ sùn bí òjò bá ṣú. Pàǹtírí tó dí abẹ́ afárá àti ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi ló fà á, méjèèjì ló sì ní àtúnṣe." Gbólóhùn méjì péré, òǹkàwé sì ti mọ ìdí méjèèjì tó ń bọ̀.

Ní ìparí, má mú ọ̀nà àbáyọ tuntun wá. Ohun tí a kò bá ti ṣàlàyé lókè, kò ní àyè nísàlẹ̀. Má sì ka gbogbo ohun tí o ti sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Sọ èwo nínú ọ̀nà àbáyọ rẹ ló yẹ kó ṣáájú, àti ìdí rẹ̀: gbígbẹ́ abẹ́ afárá ló yẹ kó ṣáájú torí ó ṣeé ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé etí odò yóò gba ọdún.

Nítorí o wà ní SS3, jẹ́ kí a fi ti àkókò kún un. Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n fún àròkọ oníwọ̀n 450 ẹyọ ọ̀rọ̀. Máàkì rẹ̀ jẹ́ 50: kókó ọ̀rọ̀ gba 10, ètò gba 10, ìlò èdè gba 20, sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé gba 10. Lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ fún ìwé alápá mẹ́ta tí a ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ lókè yìí, 35 fún kíkọ, méje fún àtúnkà. Pín ọ̀rọ̀ náà báyìí: 60 fún ìbẹ̀rẹ̀, 80 fún ìṣòro àti ẹni tó ń jìyà rẹ̀, 90 fún ìdí, 90 fún ọ̀nà àbáyọ kìíní, 80 fún èkejì pẹ̀lú àbùkù rẹ̀, 50 fún ìparí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi 300 ṣe ìráhùn lórí ìṣòro, kó wá fi èyí tó kù sáré kọ ọ̀nà àbáyọ.

Wọ́n ní kí a kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ lórí ìṣòro àdúgbò wa. Ṣé àròkọ kan náà ni? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ṣakí)

Kókó inú rẹ̀ kò yàtọ̀: ìṣòro, ìdí, ọ̀nà àbáyọ. Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ ni, nítorí náà àdírẹ́sì rẹ àti ọjọ́ lókè lápá ọ̀tún, àdírẹ́sì ẹni tí ò ń kọ ọ́ sí lápá òsì, ìkíni, àkọlé tí a fà nílà, lẹ́yìn náà ara lẹ́tà, "Èmi ni tiyín ní tòótọ́", ìbuwọ́lùwé àti orúkọ rẹ ní kíkún.

Ohun méjì ló yàtọ̀. Àkọ́kọ́, ohun tó wà ní ìkáwọ́ alága nìkan ni kí o béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá ní kó bá yín dín owó epo bẹ́ńtírò kù, o ti ṣi lẹ́tà kọ. Ìkejì, àgbà lò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ lo sì ń béèrè. Má bú u pé kò ṣiṣẹ́, má sì fi ojú ewé kan yìn ín. "A fẹ́ kí ẹ bá wa gbé àpótí ìdalẹ̀nù méjì sí ẹnu ọjà, kí ẹ sì yan ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò máa wá" ni ohùn tó yẹ. Ó ní ọ̀wọ̀ nínú, ó sì ṣe pàtó.

Mò ń múra ìdánwò IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, sílẹ̀. Mo ti kọ irú àròkọ yìí nígbà méjì, máàkì ìkọ̀wé mi kò gòkè. Kí ni mo ń ṣì ṣe? (Nọ́ọ̀sì kan, Abẹ́òkúta)

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ fi hàn pé kíka ìbéèrè gan-an ni ìṣòro yín. Oríṣi ìbéèrè méjì ló wà tí wọ́n jọra. Ọ̀kan ní kí ẹ sọ ìṣòro tí nǹkan kan ń dá sílẹ̀ àti ohun tí a lè ṣe. Èkejì ní kí ẹ sọ ohun tó fa nǹkan náà àti ohun tí a lè ṣe. Ẹ jẹ́ ká sọ pé orí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń kúrò lábúlé lọ sí ìlú ńlá ni. Bó bá jẹ́ ìṣòro ni wọ́n béèrè, owó ilé tó ń gbówó lórí nílùú àti oko tí kò rẹ́ni ro ni ìdáhùn. Bó bá jẹ́ ohun tó fà á ni, abúlé tí kò níṣẹ́ àti ilé ìwé gíga tó jìnnà ni. Nínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́, ohun tó fà á ni wọ́n béèrè, ẹ̀yin sì kọ ìpínrọ̀ méjì lórí owó ilé. Bí Gẹ̀ẹ́sì yín ṣe dára tó, máàkì ìdáhùn ìbéèrè kò lè ga, ó sì wà lára ohun mẹ́rin tí wọ́n ń wò, tí ìwọ̀n wọn dọ́gba. Mẹ́ta yòókù ni bí ọ̀rọ̀ ṣe so kọ́ra, ọ̀rọ̀ tí ẹ mọ̀ ọ́n lò, àti gírámà.

Ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi béèrè kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ mú ìdí méjì àti ọ̀nà àbáyọ méjì, kí ọ̀nà àbáyọ kìíní dáhùn ìdí kìíní, kí èkejì dáhùn èkejì, ní ìtò kan náà. Ẹ má ṣe há gbólóhùn tí ẹ rí níbì kan sórí láti fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo àròkọ: àwọn tó ń máàkì mọ̀ ọ́n, ó sì ń dín máàkì kù. Ẹ má sì kọ ohun tó dín ní 250 ẹyọ ọ̀rọ̀. Bí 270 sí 290 ti tó.

Àròkọ yìí ni iṣẹ́ kejì nínú ìdánwò ìkọ̀wé, ó sì ní ìlọ́po méjì ìwọ̀n iṣẹ́ kìíní, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ kìíní gbà ju 20 lọ nínú 60 ìṣẹ́jú yín. Nínú 40 tó kù, márùn-ún fún ètò, 30 fún kíkọ, márùn-ún fún kíka ohun tí ẹ kọ. Nínú márùn-ún ìkẹyìn yìí, ẹ kọ́kọ́ padà lọ ka ìbéèrè lórí ìwé wọn, kí ẹ tó wo sípẹ́lì.